Bọ́tìnnì Mẹ́ta Lára Ìbọn Bàbá

Ọ̀rọ̀ náà ti sú olùtọ́jú ìbọn pátápátá. Ogún ọdún ló ti ń ya ìbọn àtijọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì sí ṣakabùlà tó tíì dójú tì í, àfi ti bàbá tirẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbé wá yìí.

Irin rẹ̀ ti gbó, igi rẹ̀ ti gbó. Ṣùgbọ́n ìbòrí awọ kékeré kan wà lórí irin tí òkúta ìbọn máa ń ṣá kó tó tanná. Àwọn ológun àtijọ́ náà máa ń ní irú rẹ̀, kí ìbọn má baà ṣèèṣì yìn. Ìyẹn ò rújú. Bọ́tìnnì pupa mẹ́ta tó wà lára rẹ̀ ni kò sí nínú ìwé kankan. Ọ̀gá àgbà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì ti ní bí kò bá rí àlàyé ṣe kó tó di aago méjì, òun á kọ "ayédèrú" sí i, bàbá wọn tó ti kú, tó máa ń sọ pé ìbọn ogun àtijọ́ ni, á wá di òpùrọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà kọ ọ́ pé àmì ẹ̀yẹ ogun ni," ni àbúrò rẹ̀ wí.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́ jàre! Àmì ẹ̀yẹ wo ló ní ihò òwú mẹ́rin?"

Ó fi ìbínú pe ìyá wọn, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí àwọn méjèèjì lè gbọ́. Ìyá kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Ìyá ní irọ́ ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Awọ ara ìbọn bàbá ńkọ́?"

"Èmi ni mo rán an. Bàtà mi ni mo gé."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣí ìwé!"

"Ṣé o bi mí ni? Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ẹ́ nígbà yẹn. Mo wọlé, mo bá ẹ tí o ti fi ọwọ́ méjèèjì fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, ẹnu ìbọn wà láyà àbúrò ẹ. Bàbá yín búra pé kò sí ẹ̀tù níbẹ̀. Ó gbé e jáde, ó yìn ín sókè kó lè fi hàn mí."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ó dún. Gbogbo àdúgbò ló sá jáde. Mo wá fi bọ́tìnnì mẹ́ta sí i, torí mo mọ̀ pé o ò ní sùúrù láti tú ju ẹyọ kan lọ."

Àbúrò tó ti ń ro ẹjọ́ láti àárọ̀ rọra yí ẹnu ìbọn sí ògiri. Ẹ̀rù wá ba olùtọ́jú ìbọn gidigidi, ẹ̀rù tó yẹ kó ti bà á láti kékeré.

Ó fa káàdì àkọsílẹ̀ ìbọn náà sún mọ́ra, ó kọ ọ́ pé ìbọn àtijọ́ gidi ni. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ṣe ìbòrí rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ìyá ọlọ́mọ méjì ni. Ó gbójú sókè wo àbúrò rẹ̀ kó tó kọ "méjì".