Oníṣíbí Ń Sùn

Ẹnu onígbàjámọ̀ yìí kì í sinmi. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun àti kílípà ni wọ́n jọ máa ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Ìdí nìyẹn tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi kìlọ̀ fún un kó tó kúrò nílé pé, "Jọ̀ọ́, panu mọ́. Tó o bá lé ẹyẹ Màmá lọ, o ti lé ìyàwó lọ nìyẹn."

Kì í ṣe àwàdà. Láti ọjọ́ tó ti wá tọrọ ọmọ, ìyá ọmọ náà, tó jẹ́ agbẹ̀bí nílé ìwòsàn, kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó kàn sọ ni pé kó wá bá òun wo ẹyẹ. Ẹ gbà mí o, ta ló ń fi ẹyẹ dán àna wò?

Ìgbà ìrúwé ni, ìgbà tí ẹyẹ ń ti ọ̀nà jíjìn dé. Etí òkun ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ń sáré tẹ̀lé omi tó ń padà sẹ́yìn. Omi a tún yí bìrí, wọn a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Onígbàjámọ̀ ní torí ìyàwó lòun ṣe wá, àmọ́ kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè. "Mà, ẹ wo èyí! Ẹ wo ẹlẹ́sẹ̀ pupa yẹn!" Ìyá wò ó látòkè délẹ̀. Onígbàjámọ̀ yáa panu dé.

Nígbà tí wọ́n dé àbàtà tó wà nítòsí etí òkun, ìyá gbá a lápá mú lójijì. Ẹyẹ funfun ńlá kan fẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró nínú omi, ó ki ẹnu bọ abẹ́ ìyẹ́, ó ń sùn fọnfọn.

"Ó lè jẹ́ Oníṣíbí!" Ìyá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń yí awò awọ̀nàjíjìn tó gbé nàró. "Ẹnu ẹ̀ fẹ̀ níparí bíi ṣíbí. Láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge ni mo ti ń wá a. Àmọ́ ó tún lè jẹ́ lékeléke lásán. Tá ò bá rí ẹnu ẹ̀, a ò rí nǹkan kan."

"Ṣé kí n pàtẹ́wọ́ díẹ̀ ni, mà? Á jí."

"Pàtẹ́wọ́ kẹ̀! Ẹyẹ tó rin ìrìn àjò dé, ìwọ fẹ́ jí i?"

Wọ́n dúró, dúró, ẹyẹ ò mira. Ìyá ní kóun lọ mú fúláàsì tíì wá nínú ọkọ̀. Bó ṣe kẹ́yìn sí wọn báyìí, ẹyẹ gbórí sókè. Ṣíbí! Ṣíbí gidi!

Ariwo dé ọ̀nà ọ̀fun onígbàjámọ̀, ó gbé e mì. Ó na pápá bora, ó yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó dìde, bàtà kan ò tẹ̀lé e. Nígbà tó bá ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò rí èémí sọ̀rọ̀. Ó kàn ń fi ọwọ́ bu nǹkan sẹ́nu bí ẹni tó ń fi ṣíbí jẹun.

"Ebi ń pa ọ́?" ni ìyá bi í.

Ó mi orí, ó nawọ́ sí àbàtà. Ìyá ju fúláàsì sílẹ̀, ó sì sáré bí ọmọge. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó débẹ̀, ẹyẹ ti ki ẹnu bọ abẹ́ ìyẹ́ padà.

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ìwọ rí ẹnu ẹ̀?"

Ó ṣe onígbàjámọ̀ bíi kó ní òun ò rí i dáadáa, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dun ìyá púpọ̀. "Mo rí i, mà. Dúdú ni, ìparí ẹ̀ yẹ́lò. Ẹ má bínú, mà."

Ìyá fìdí lélẹ̀ sínú koríko tútù, ó gbójú lé awò. "Jókòó," ló wí. Wọ́n jọ jókòó, èjìká kan èjìká.

Ẹyẹ gbọn ìyẹ́. Ó gbórí sókè, ó rọra ti ẹnu bọ omi, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń po ṣúgà mọ́ tíì. Ìyá fa gèlè lórí, ó kì í bọ ẹnu ara rẹ̀ kó má bàa pariwo. Omijé ayọ̀ ń dà. Onígbàjámọ̀ náà ń sunkún, kò tiẹ̀ mọ̀gbà tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó pẹ́, ìyá yọ gèlè lẹ́nu, àmọ́ kò gbójú kúrò lára awò.

"Ìgbà wo lẹ tiẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó yẹn gan-an?"

"Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá sọ, mà!"

"Ẹ má fi sígbà ìrúwé o. Mi ò ní ráyè."