Ìyá Oorun Nídìí Tábìlì Ìgéṣọ

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé kejì nínú oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, ní kété tí aago ara ògiri lu mẹ́ta, tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, tí ó sì tẹ́ ara rẹ̀ sórí aṣọ bí ológbò. Nínú ilé iṣẹ́ tí a ti ń rán kọ́tìnì, obìnrin kan ń rán etí kọ́tìnì aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ ń kùn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ ń ṣàn kọjá bí omi. Òun náà sì bá omi náà lọ. Ó rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ funfun kan tí kò ní atukọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè sọ fún un pé kí ó dìde. Nígbà tí ó lajú, ó fẹ́ na ọwọ́, ọwọ́ kò nà. Ó ti rán apá ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́ kọ́tìnì oníkọ́tìnì.

“Ẹ wá wò ó o!” Aránṣọ tí ó jókòó tì í ni ó kígbe, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnu-bí-Abẹ́. “Ìyá Oorun ti di kọ́tìnì! Ẹ bá wa gbé e kọ́ sójú fèrèsé, kí oòrùn má pa wá!”

Ẹ̀rín gba ilé kan. Ìyá Oorun, bí wọ́n ti ń pè é, pàápàá rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ti lé sí i lójú. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tí ojú ìrán rẹ̀ tọ́ tó tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tíì tí ṣúgà ti pa á kú àti bísíkíìtì ni oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀, ẹlẹ́rìndòdò ni tọ̀sán. Wọn a gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ sílẹ̀ gbì. Láti orí ibùsùn ni ó ti ń bọ́ sínú ọkọ̀ èrò, láti inú ọkọ̀ èrò sórí àga, láti orí àga padà sórí ibùsùn.

Màmá Ọ̀gá, ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ náà, ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú apá ẹ̀wù náà. Ó pè é sí kọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi, ojú mi kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwọ ni mo fẹ́ fi tábìlì ìgéṣọ lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdúró ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹni tó ń sùn lórí ìjókòó, kí ló fẹ́ ṣe lórí ìdúró?”

“Màmá, ẹ dákun.”

“Aṣọ kọ́tìnì gbọ̀ngàn ìṣeré ń bọ̀ nígbà tí òjò ọdún yìí bá dáwọ́ dúró. Ìwọ ni wàá gé e. O sì mọ òfin wa: àlùmọ́gàjí tó bá ti wọ aṣọ, agéṣọ kò gbọdọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ títí tí yóò fi gé e tán, kí ọwọ́ má baà yí. Bí o bá gé e já, tábìlì di tìẹ. Bí o kò bá lè gé e, Ẹnu-bí-Abẹ́ ni màá gbé tábìlì fún.”

Láti ọjọ́ tí ó ti dé ilé iṣẹ́ yìí ni tábìlì náà ti wà lọ́kàn rẹ̀. Ó lọ bá bàbá rẹ̀, apínlẹ́tà tí ó ti fẹ̀yìn tì.

“Bàbá, ó rẹ̀ mí. Oorun fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.”

“Kí lo jẹ láàárọ̀?”

“Bísíkíìtì, sà.”

“Ṣé eku ni ọ́ ni? Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi rìn pín lẹ́tà. Ajá lé mi títí. Oorun kò lé mi rí. Múra, a ó jọ jáde lọ́la.”

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn létí odò ní ìdájí, nígbà tí ìkùukùu ṣì sùn sórí omi, tí iná òpópónà ń ṣẹ́jú bí ẹni tí kò tíì jí dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń ráhùn bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró.

“Ọmọdé òní, ṣé kí n pọ̀n ọ́ ni?”

“Bàbá, ẹ jẹ́ n mí ná!”

Ó fi ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ rọ́pò bísíkíìtì. Ó fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Ẹnu-bí-Abẹ́ yọjú wo abọ́ rẹ̀.

“Koríko rèé! Ìyá Oorun ti di ewúrẹ́.”

“Àǹtí mi, ṣé ẹ ti rí ewúrẹ́ tó sùn nídìí ẹ̀rọ rí?”

Kò mọ ọjọ́ tí ara rẹ̀ yí padà. Ohun tí ó kàn mọ̀ ni pé ní ọ̀sán kan, ó gbọ́ tí aago lu mẹ́ta, ìró náà mọ́ gaara, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òjò dáwọ́ dúró, aṣọ gbọ̀ngàn dé. Ó funfun, ó gùn, ó bo tábìlì bí àwọsánmà tí ó sọ̀ kalẹ̀ wá sinmi. Ó ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀. Ó gé, ó gé, ìró irin ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí oòrùn kọjá àtàrí, aṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ilà ṣọ́ọ̀kì tí ó ń gé tẹ̀lé di méjì lójú rẹ̀. Ọkọ̀ funfun ti gúnlẹ̀, ó ń dúró dè é.

Bí ó bá dúró, yóò gé aṣọ wọ́. Bí ó bá kúrò, òfin ti fọ́.

Ó rọra gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, ó fi irin wíwúwo tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, ó sì jáde.

“Yéè! Ó ti sá!” ni Ẹnu-bí-Abẹ́ wí. “Ẹ kí mi kú oríire o!”

Ìyá Oorun yí ilé iṣẹ́ náà po pẹ̀lú ìgbésẹ̀ gígùn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i láyà. Ó mu omi, ó jẹ ọsàn àti ẹ̀pà lórí ìdúró. Nígbà tí ilà di ẹyọ kan padà lójú rẹ̀, ó wọlé, ó sì gé aṣọ náà dé òpin.

Màmá Ọ̀gá wọ dígí ojú rẹ̀. Ó fi ìka tọ etí aṣọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wá ibi tí ọwọ́ ti yí. Kò rí i. Ó tún un wò, kò rí i.

“O rú òfin.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ojú mi ti ń rí ilà méjì. Bí mo bá ti pa òfin mọ́, aṣọ ni ǹ bá bà jẹ́.”

Ìyá àgbà náà jókòó, ó gbé etí aṣọ ara rẹ̀ sókè díẹ̀, gbogbo wọn sì rí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó wú bí ìrọ̀rí.

“Èmi pa á mọ́,” ni ó wí. “N kò fi aṣọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ohun tó fún mi nìyí.”

Ó ti àlùmọ́gàjí sí iwájú Ìyá Oorun lórí tábìlì. Ó wo Ẹnu-bí-Abẹ́, ẹni tí ó ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì sọ ìpinnu rẹ̀: tábìlì ti di ti Ìyá Oorun, òfin ti dópin, láti ọ̀la lọ, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, gbogbo ẹ̀rọ yóò dákẹ́, gbogbo ilé yóò jáde lọ rìn, òun Màmá Ọ̀gá fúnra òun ni yóò sì ṣíwájú.