Àga Ọ̀jọ̀gbọ́n Lúkáàsì

Ọdún méjì gbáko ni Ìyá Ìtẹ́olúwa fi tún yàrá ẹni tí kò rí rí ṣe. Orúkọ onítọ̀hún wà lára ilẹ̀kùn: Ọ̀jọ̀gbọ́n Lúkáàsì, ará òkè òkun. Yunifásítì náà, tó wà létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń kọ́ni lọ́dọ̀ wọn, nítorí àwọn tó ń to yunifásítì àgbáyé nípò máa ń ka iye olùkọ́ àjèjì tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń kúrò ní Ibeshe, tí yóò lọ wọ ọkọ̀ ní Ìkòròdú. Bó bá dé, yóò nu tábìlì, yóò nu fèrèsé, yóò sì gbàdúrà fún oníyàrá.

"Olúwa, bá mi ṣọ́ Lúkáàsì níbi tó wà. Bí mo ṣe ń tún ibi tirẹ̀ ṣe, jẹ́ kí ẹnì kan máa tún ti ọmọ mi náà ṣe."

Ìtẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà ní yunifásítì ní Kánádà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti pè kẹ́yìn.

Ohun kan ṣoṣo tí kò fọwọ́ kàn nínú yàrá náà ni àga. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹni tó ni í ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ tú u," ni ó máa ń wí.

Rodiat, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Ìtẹ́, ọkọ yín òyìnbó ò tíì dé?"

"Ó ń bọ̀. Lọ bá mi ra ẹja dè é ní Ọjà Olúwo."

"Yíyan ni màá rà o. Tútù á ti bàjẹ́ kó tó dé."

Ní Ọjọ́rú kan, ọ̀gá Ọláògún, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ipò yunifásítì, já wọlé tòun ti òógùn lójú.

"Màmá, àwọn alábẹ̀wò ti wà ní géètì! Kí lọ̀rá yìí ń ṣe níbí? Ẹ tú u, ẹ tú u!"

"Ọ̀gá, ẹni tó ni í..."

"Ẹni wo? Ẹ jókòó sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó jọ pé èèyàn ń lò ó. Tí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ jẹun ni. Màmá, tí ipò wa ò bá gòkè lọ́dún yìí, èmi àtẹ̀yin la máa wáṣẹ́ mìíràn."

Ó sáré jáde. Ìyá Ìtẹ́olúwa tú ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bọ́ aṣọ lára ọmọ tó ń sùn. Ó ká a sínú àpò rẹ̀. Ó jókòó. Láti orí àga náà, ó rí ọ̀sà, ó sì rí ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo tó ń lọ sí apá Ejinrin. Ọdún méjì ló ti ń nu fèrèsé yẹn, kò jókòó wo ìta rí. Ó wá yé e pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

Ìgbà náà ni àwọn alábẹ̀wò wọlé. Obìnrin kan, Ọ̀mọ̀wé Munirah, ló ṣíwájú wọn. Ọláògún wà lẹ́yìn, ó ń ṣẹ́jú sí Ìyá Ìtẹ́olúwa. Ìyá náà fò dìde.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Munirah wí. "Ṣé ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń wà níbí dáadáa?"

Òfin kẹsàn-án tó ti há sórí láti kékeré, pé kí a má jẹ́rìí èké, dìde lọ́kàn rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ náà dìde.

"Mà, mi ò rí i rí. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó sí àga yìí, kò sì tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n mo ń gbàdúrà fún un láràárọ̀."

Munirah wo àga, ó wo obìnrin náà, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n yọ orúkọ kúrò lára ilẹ̀kùn. Wọ́n fún Waliyah, olùkọ́ kékeré tó ti ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù, ní yàrá náà. Ìyá Ìtẹ́olúwa gba lẹ́tà tirẹ̀: kó má wá mọ́. Rodiat sìn ín dé géètì, kò rí yẹ̀yẹ́ kankan ṣe.

Nígbà tó dé Ibeshe, ó wọ yàrá Ìtẹ́olúwa. Àga tí ọmọ náà fi ń kàwé ṣì wà níbi tó fi í sí. Ó nù ún. Ó yọ ọ̀rá inú àpò rẹ̀, ó fi bo àga náà, ó so etí rẹ̀ pọ̀ dáadáa. Ó wá kúnlẹ̀ tì í, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ níwájú Olúwa. Kó tó mọ̀, ó ti pe Lúkáàsì mọ́ ọn.

Kò yọ orúkọ náà kúrò.