Olórí Méjì Nínú Ọ̀fun Kan

Ẹ dákẹ́ ná! Ẹ fetí sílẹ̀, etí méjèèjì! Ìwọ tó o gbé rédíò sórí fíríìjì, tó jẹ́ pé èyí tó bá wù ọ́ nìkan lò ń gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ mi, ìwọ gan-an ni mò ń bá wí. Àti ìwọ awakọ̀ yẹn, tó jẹ́ pé ìgbà tí mo bá wúkọ́ bí olórí Alákàbà nìkan lo máa ń yí rédíò sókè. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe láàárọ̀ yìí? Àbí ẹ kàn ń rẹ́rìn-ín lásán? Mo pààrọ̀ wọn fún yín! Mo gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan sẹ́nu ẹnì kejì, ẹ sì ń pàtẹ́wọ́, ẹ ń pè wá lórí fóònù, ẹ ń...

Hẹn. Ta ni mò ń bá jà gan-an? Máìkì ti kú. Iná pupa orí ògiri ti kú. Orin ló ń lọ lọ́wọ́, orin gígùn kan báyìí tí ẹnjiníà fẹ́ràn, torí ó máa ń ráyè jẹ búrẹ́dì rẹ̀ kó tó tán. Mo ń rí i láti inú gíláàsì, ó ń jẹun bí ẹni tí ayé ò ṣe ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi. Inú orí mi ni mo wà, èmi nìkan... èmi àti àwọn méjèèjì.

Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe ti oorun. Oorun ì bá dáa.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ọmọ èèyàn ń ṣe jẹun. Láràárọ̀, mo máa ń di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá fún imú pọ̀ díẹ̀, tí mò ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, olórí Oníkọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Tí mo bá rọ ọ̀fun sílẹ̀, tí mo wúkọ́ gbọọrọ kí n tó bẹ̀rẹ̀, olórí Alákàbà nìyẹn, ẹni tí ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ya àkàbà sára àsíá, ẹgbẹ́ kejì ya kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ní àkàbà gùn ún lọ sókè, wọ́n sì fà á tẹ̀lé ara wọn. Àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ ní àwọn á ṣílẹ̀kùn fún wa. Nígbà tí ilé wà lọ́wọ́ tiwọn ńkọ́, inú ni wọ́n ti tì í. Èmi ni mo dá àpárá yẹn o. Gbogbo ìlú ló ń dá a báyìí, kò sẹ́ni tó dá mi mọ̀ mọ́ ọn. Kò burú.

Lánàá ńkọ́... lánàá, ọ̀rọ̀ gbèsè tí ìjọba jẹ ló yẹ kí wọ́n sọ nílé aṣòfin. Mo jókòó tì wọ́n látàárọ̀, torí ẹni tó bá fẹ́ sín èèyàn jẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ onítọ̀hún dáadáa. Ẹni tó pe ẹnì kejì ní ewúrẹ́ ni wọ́n ń wá. "Ta ló sọ ọ́?" "Àwọn Oníkọ́kọ́rọ́ ni!" "Irọ́ ni, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́!" "Ẹ kó ọ̀rọ̀ yín jẹ!" Àgbà tó wọ agbádá ńlá ń gun àga. Nígbà tí ebi wá ń pa kálukú, alága ka ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó tuntun bí tíṣà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Àwọn tó fara mọ́ ọn? "Bẹ́ẹ̀ ni!" Ó parí. Wọ́n yá òmíràn láti fi san èlé èyí tí wọ́n ti yá. Ewúrẹ́ gba odindi ọjọ́, gbèsè ò gbà tó àkókò tí èèyàn fi ń mu omi.

Olórí Alákàbà wúkọ́, ó ní, "Gbèsè kì í ṣe àìsàn. Kò sí ìjọba tí kì í yáwó. Àwọn tó ń retí ọsibítù, kí wọ́n ní sùúrù fún ìlú wọn."

Olórí Oníkọ́kọ́rọ́ fò dìde, ó fi imú ké, ó ní, "Ẹ ti ta àwọn ọmọ wa! Wọn ò tíì bí wọn, ẹ ti gbé gbèsè kọ́ wọn lọ́rùn!"

Ọ̀rọ̀ gidi, àbí? Ó dùn létí. Àmọ́ ṣebí mo wà ńlẹ̀ nígbà tí ìjọba wà lọ́wọ́ Oníkọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ń fimú sọ̀rọ̀ yìí náà ló ń sọ̀rọ̀ sùúrù nígbà yẹn, ẹni tó ń wúkọ́ yìí náà ló ń sunkún nítorí àwọn ọmọ. Wọ́n kàn pààrọ̀ àga ni. Bí ẹni tó wá gba iṣẹ́ ṣe máa ń gbé aṣọ iṣẹ́ tí ẹni tó ń lọ bọ́ sílẹ̀ wọ̀, ó gbóná síbẹ̀, ó ń rùn síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ara wọn wọ̀. Gbèsè ńkọ́? Gbèsè ń dàgbà láàárín wọn bí ọmọ tí ẹnì kankan ò pè ní tòun.

Ibẹ̀ ni àfojúdi mi ti jí. Mo ní, jẹ́ n dán wọn wò. Láàárọ̀ yìí mo gbé ọ̀rọ̀ sùúrù fún onímú, olórí Oníkọ́kọ́rọ́, mo gbé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ fún oníkọ́, olórí Alákàbà. Mo ní ẹnì kan á pariwo. Ẹnì kan á pè, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti mutí àbí? Kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn!" Ẹnì kan péré. Mo ń retí rẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìyàwó.

Mo retí títí. Obìnrin tó ń ta símẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ pè. "Ẹ bá mi kí olórí wa Oníkọ́kọ́rọ́. Sùúrù! Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn!" Ọ̀rọ̀ àgbà. Ọ̀rọ̀ kan náà tí obìnrin yẹn torí rẹ̀ bú Alákàbà lórí ètò wa yìí, nígbà tí wọ́n yá owó tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà, tíṣà kan pè, Alákàbà paraku, ó ń fẹ́ sunkún nítorí àwọn ọmọ tí wọn ò tíì bí. Mo wo ẹnjiníà. Ó ń bọ́ awọ ẹyin. Òun gan-an ò mọ̀ pé mo pààrọ̀ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà...

Rárá. Ẹ jẹ́ kí n sinmi ná.

Lẹ́yìn náà ni bàbá mi pè.

Ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn mi yìí, òun ló rán an. Iṣẹ́ télọ̀ ló fi tọ́ wa. Awọ funfun kan ti wá bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì báyìí, ọwọ́ ló fi ń wo aṣọ. Àpò ṣẹ́ẹ̀tì náà dorí kodò. Tí mo bá ki bírò sí i, ilẹ̀ ló ń bá. Nígbà tó fún mi, mo wọ̀ ọ́, mo ní, "Bàbá Télọ̀, ó bá mi mu bí ìjọba tuntun!" Ohùn olórí Oníkọ́kọ́rọ́ ni mo fi sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ ìránṣọ mú. Kí n má purọ́, ẹ̀rín yẹn dùn mọ́ mi ju owó oṣù lọ.

Ọsibítù ìjọba ní àwọn á gé awọ náà kúrò, àwọn á fi gíláàsì tín-ín-rín kan sínú ojú, á tún máa ríran, á tún máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́. A lọ. A tún lọ. Nọ́ọ̀sì mọ̀ wá débi pé ó ń béèrè ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. "Ẹ lọ máa bọ̀, Bàbá. Gíláàsì ò tíì dé. Wọ́n ní èlé nìjọba kọ́kọ́ ń san, èyí tó bá kù ló ń kàn wá." Dókítà tẹ ojú náà wò, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ mọ́ o. Ó ń le sí i." Bí ẹni pé àwa la gbé gíláàsì pamọ́ sílé.

Nígbà tí olórí Alákàbà sọ̀rọ̀ sùúrù rẹ̀ nínú ìròyìn alẹ́ àná, ṣe ni bàbá mi fọwọ́ gbá tábìlì, omi dà sí i lẹ́sẹ̀. "Olè! Ojú tèmi ló ní kó ṣe sùúrù? Ojú tèmi?" Inú mi dùn. Mo ní bàbá mi ti gbọ́. Ó ti yé e. Gbèsè tí wọ́n ń pè ní ti ìlú, inú ojú tirẹ̀ ló wà.

Láàárọ̀ yìí, ó pè. Ohùn rẹ̀ mọ́ bí ohùn ọmọ tó fẹ́ kéwì níwájú kíláàsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni Bàbá Télọ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Oníkọ́kọ́rọ́. Ọmọ mi ló ń fi ohùn olórí wa sọ̀rọ̀, kì í fi kún un, kì í yọ níbẹ̀, torí náà mo mọ̀ pé olórí wa ló sọ ọ́. Òótọ́ ló sọ. Èmi náà ń retí iṣẹ́ abẹ ojú. Tó bá jẹ́ òun ló ní ká ní sùúrù, màá ní sùúrù. Lọ́sàn-án yìí tí wọ́n bá mú mi dé ọsibítù, màá ní kí wọ́n yọ orúkọ mi, kí wọ́n fi ẹlòmíì síbẹ̀, títí ìlú á fi dáa."

Ọ̀rọ̀ kan náà. Ọ̀rọ̀ àná gan-an, bó ṣe wà, mi ò pa ẹyọ kan dà. Imú nìkan ni mo fi kún un.

Ẹ sì mọ ohun tí mo dá a lóhùn? Ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ, ṣebí ẹ rẹ́rìn-ín. Mo lanu láti sọ pé Bàbá, ẹ dúró ná, eré ni mò ń ṣe... imú mi ti fún ara rẹ̀ pọ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá Télọ̀ wa! Irú yín ni ìlú ń wá!" Olórí Oníkọ́kọ́rọ́ ló dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi. Láti inú ọ̀fun mi. Ẹnjiníà sì fi orin sí i.

"Télọ̀ wa." Bẹ́ẹ̀ náà ni olórí yẹn pè é nígbà kan tó rán aṣọ fún ẹgbẹ́ wọn. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "Télọ̀ wa!" Kò tún rí i mọ́. Bàbá mi ò fọ ọwọ́ yẹn tán títí dòní.

Mo ti pè é padà. Fóònù ò ráyè. Mo mọ ohun tó ń ṣe: ó ń pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ òun lórí rédíò. Á pè wọ́n títí aládùúgbò wa á fi wá fi mọ́tò gbé e lọ sọ́sibítù. Rédíò ò ní kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣá. Kì í kú. Torí náà, ibí yìí náà ni. Tí orin yìí bá tán, máìkì á jí, èmi á sọ ọ́. Ó rọrùn. Màá ní, Bàbá...

Ọ̀gá wa gba ẹnu ọ̀nà kọjá níṣẹ̀ẹ́jú yìí, ó na àtàǹpàkò sí mi. Láàárọ̀ ó ní, "Bó o ṣe ṣe é yìí, máa ṣe é lọ. Fóònù ò dákẹ́!" Kò dákẹ́ lóòótọ́. Gbogbo ìlú ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Jẹ́ n dán an wò nínú. Bàbá, ẹ má yọ orúkọ yín... Ó tì. Imú nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá... ikọ́ ti kọ́kọ́ jáde. Alákàbà nìyẹn. Ẹ ò rí nǹkan? Mo ń fi ohùn wọn bẹ bàbá mi pé kó má gbọ́ tiwọn. Tèmi dà? Mo ní ọ̀kan. Mo ní in tẹ́lẹ̀. Ìgbà wo ni mo lò ó gbẹ̀yìn nínú ilé yẹn? Tí mo bá kanlẹ̀kùn, tó ní ta nìyẹn, imú ni mo fi ń dáhùn. Tí mo bá ń mú un lọ sílé ìwẹ̀, ikọ́ ni mo fi ń sọ fún un pé ilẹ̀ ń yọ̀. Torí kó lè rẹ́rìn-ín ni o. Torí kó lè rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ò mọ ojúlé wa. Wọn ò mọ àga tí bàbá mi ń jókòó sí. Ta ló wá ń gbé wọn wọlé? Ta ló ń gbé wọn jókòó tì í, tí wọ́n ń sọ fún un létí pé kó dúró sínú òkùnkùn? Mo rò pé mò ń fi wọ́n ṣẹ̀sín ni. Mo rò pé ẹni tó ń pa ìlú lẹ́rìn-ín, ìta ló dúró sí... Èmi ni. Orí ahọ́n mi ni wọ́n ń gùn wọlé. Bàbá mi ò gba olórí Oníkọ́kọ́rọ́ gbọ́. Ọmọ rẹ̀ ló gbà gbọ́.

Orin ti ń rọlẹ̀. Ẹnjiníà gbọn èérún búrẹ́dì kúrò láyà, ó nawọ́ sí mi pé kí n sọ nǹkan, kó fi wọn ohùn mi wò kó tó ṣí máìkì.

Mo sún mọ́ ọn. Mo tú imú sílẹ̀. Mi ò wúkọ́.

"Bàbá mi, ẹ má yọ orúkọ yín. Ẹ má dúró de ẹnì kankan nínú wọn. Èmi ni."

Ó tín-ín-rín. Ó ń gbọ̀n. Àmọ́ òun nìyí... òun nìyí o. Ó ṣì wà ńbẹ̀.

Ẹnjiníà yọjú sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó fajú ro.

"Ta lo tún ń sín jẹ yẹn? Kò jọ ẹnì kankan o."