Tábìlì Ẹnu Ọ̀nà

Xiuyun ti pinnu kó tó dìde lórí ibùsùn láàárọ̀ ọjọ́ náà: bàbá òun kò ní dá jẹ oúnjẹ ìparí ọdún mọ́. Ó se tilé ọkọ rẹ̀, ó bù ú fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, Dehai ọkọ rẹ̀ sì ní kó máa lọ. Ó di abọ́ jiaozi, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n di ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sínú rẹ̀, sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gba inú yìnyín kọjá dé abúlé tí wọ́n ti bí i.

Inú Bàbá Tong dùn nígbà tó rí i. Síbẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà, níbi tó lẹ ìwé pupa ọdún mọ́ ní wíwọ́.

"Padà, Xiuyun. Ọmọbìnrin tó ti lọ́kọ kì í jẹun ọjọ́ òní nílé bàbá ẹ̀. Ṣé o fẹ́ jẹ oríire àbúrò ẹ tán ni?"

"Weimin fúnra ẹ̀ ló ní kí n wá."

"Kí ni Weimin mọ̀? Ọmọdé ni!"

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, Bàbá!"

Weimin ń ṣiṣẹ́ ní èbúté kan lọ́hùn-ún, ní gúúsù, wọn kò sì fún un láyè wálé. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, abọ́ méjì ni bàbá máa ń gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ yìí. Á jẹ nínú ọ̀kan, á sì máa wo ìkejì. Ọ̀rọ̀ náà ń dun Xiuyun wọ egungun.

Ìyá Geng, aládùúgbò wọn, yọrí lókè ògiri. "Xiuyun, ṣé ọkọ lé ẹ ni?"

"Kò lé mi o, Mà. Ìkòkò yín ló ń jóná!"

Orí obìnrin náà pòórá kíá.

"Inú ilé ni èèwọ̀ yẹn wà, àbí?" Xiuyun bi bàbá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fa tábìlì wá síbí. Ẹ jókòó sínú, kí n jókòó síta."

"Nínú òtútù yìí? Olórí kunkun!"

"Tiyín ni mo jogún."

Tábìlì dúró, ẹsẹ̀ méjì nínú ilé, méjì nínú yìnyín. Ọmọrí abọ́ ni Xiuyun fi ṣe àwo. Òtútù ń mú un, ṣùgbọ́n ó ń jẹun. Bàbá rẹ̀ jẹ ẹyọ kan, ó sì ń wo ọmọ rẹ̀ nínú yìnyín.

"Bàbá, nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi yín pé kí ló dé tá a fi ń ṣọdún."

"Mo ní ẹranko kan ló máa ń wá pa èèyàn jẹ lópin ọdún. Àwọ̀ pupa àti ariwo ló ń lé e."

"Ó kù. Ẹ ní ẹni tó bá dá jókòó ló máa ń kọ́kọ́ gbé. Torí ẹ̀ la ṣe ń pé jọ, tílẹ̀ bá mọ́, ká lè kíra wa pé a yè é."

Bàbá Tong dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó jáde, ó sì jókòó ti ọmọ rẹ̀ nínú yìnyín.

"Tong, òtútù á pa ẹ́!" Ìyá Geng tún ti yọjú.

"Kò sẹ́ni tó ní kí àgbà má jẹun níta," ni bàbá dáhùn.

Ó wá na ọwọ́ gba orí tábìlì, ó fa abọ́ kejì, abọ́ ìyá wọn, ó kó jiaozi sínú rẹ̀, ó sì gbé e síwájú Xiuyun.

"Tìẹ nìyí. Jẹ ẹ́ kó tó tutù."