Ọjọ́ Tí Ògo Wá Kó Ẹrù Rẹ̀

Oorun ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, ni Alàgbà Adégòróyè ti lá àlá tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa lọ́jọ́ kejì, kò sì bá wa rẹ́rìn-ín níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń ṣọ́ géètì ìjọ aláṣọ funfun kan nílùú wa. Ẹni tó wọ bàtà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan òkú, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù, gbogbo wọn ló ń dá dúró. Abiyamọ tó bí ọkùnrin, ogójì ọjọ́. Èyí tó bí obìnrin, ọgọ́rin. Bí ọjọ́ kò bá tíì pé, ìta ni.

Lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Ayọ̀wúmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Alàgbà bí, ti Ọ̀fà wá, ó gbé ọmọ obìnrin jòjòló tí ikọ́ ń bá jà lọ́wọ́. Òjò ń rọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ọmọ wọlé fún àdúrà. Bàbá rẹ̀ ka ọjọ́, ó rí i pé ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́rin ni. Ìka mẹ́ta ló nà sókè láti inú géètì. Ọmọ náà yè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n Ayọ̀wúmí kò tún tẹ ìlú wa mọ́. Aṣọ ìnura ni ó fi bo ọmọ lójú nítorí òjò, nítorí náà bàbá àgbà kò mọ bí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti rí títí di òní.

Nínú àlá, ó ní òun rí obìnrin kan tó ń ti inú ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó ru ẹrù, ó gbé fìtílà dání lọ́sàn-án gangan. Bí ó ṣe rí i ló ti mọ̀ pé Ògo Ọlọ́run tó ń gbé inú ilé náà ni. Kò yà á lẹ́nu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò, bóyá ó wọ bàtà.

Obìnrin náà ní kí ó ṣí géètì, òun ń lọ. Alàgbà ronú sí i títí. Òfin ìwọlé kún inú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan fún ẹni tó ń jáde. Géètì fúnra rẹ̀ wá dá sí i, ó ní, "Alàgbà, èmi ò fẹ́ wàhálà o. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì." Ó rí i pé ọ̀rọ̀ géètì mọ́gbọ́n dání.

Ọ́fíìsì léfòó lókè àwọn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń fì díẹ̀díẹ̀. Alàgbà to ìwé orin léra wọn, ó gùn wọ́n débẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́fà jókòó yí tábìlì ká. Bàbá Akọ̀wé ní kí wọ́n ka ọjọ́ obìnrin náà ná. Bí kò bá pé ọgọ́rin, kò gbọdọ̀ jáde. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀. Kó tó parí gbólóhùn náà, ó ti di òbúkọ, ó sì ń jẹ ìwé orúkọ ọmọ ìjọ láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àwọn márùn-ún yòókù náà ti di òbúkọ, kọ́tìnnì ni wọ́n ń jẹ ní tiwọn. Alàgbà dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó ní òun ti gbọ́, ó sì sọ̀kalẹ̀. A bi í pé ṣé ewúrẹ́ ló dọ̀bálẹ̀ fún. Ó ní irùngbọ̀n Bàbá Akọ̀wé kò kúkú yí padà, kí ló máa mú kí òun yájú sí i?

Kí ó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti di ahoro. Ẹ̀gún ti dí ẹnu ọ̀nà. Òwìwí wà lórí àga ìwàásù, ó ń ka ìfilọ̀; òòrẹ̀ ń tẹ́ ẹní fún àwọn àlejò. Pẹpẹ ń sunkún, ó ń béèrè ẹni tó sọ ilé náà di aláìmọ́. Alàgbà ní òun kọ́, pé kò sí ẹnikẹ́ni tó gba ọ̀dọ̀ òun kọjá láìpé ọjọ́. Òwìwí ní kí wọ́n yẹ ògiri wò, bí àwọn àlùfáà àtijọ́ ti ń yẹ ilé tí ẹ̀tẹ̀ bá mú wò, tí wọ́n ń ha àbàwọ́n rẹ̀ kúrò. Wọ́n fún Alàgbà ní ṣíbí. Ó ha ọ̀dà funfun, ó ha sìmẹ́ǹtì, àbàwọ́n aláwọ̀ ewé kan sì yọ. Ọwọ́ ènìyàn ni, ó na ìka mẹ́ta sókè. Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, ó sì ṣe rẹ́gí. Ibí yìí ni àwa tó ń rẹ́rìn-ín ti dákẹ́.

Ó sáré padà sí géètì. Ògo ti jáde, ó ti wà lórí òkè níhà ìlà-oòrùn. Alàgbà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, kí ó padà sílé.

"N kò bínú," ni Ògo wí. "Ọjọ́ òjò yẹn ni mo ti jáde. Ẹ̀yìn ọmọ náà ni mo tọ̀. Ẹrù mi tó kù ni mo wá kó lónìí."

Alàgbà ní, á jẹ́ pé ilé òfìfo ni òun ti ń ṣọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Ògo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, báwo ni ojú ọmọ náà ṣe rí?"

Ògo la ẹnu láti sọ ọ́, Alàgbà sì jí.

Agogo ìsìn ìrọ̀lẹ́ ń dún. Ó dìde láti wọlé, ni ó bá rí òkú ọmọnílé kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí sùtánà rẹ̀. Ó ti jókòó lé e lórí lójú oorun. Ẹni tó bá fara kan òkú irú nǹkan báyìí, aláìmọ́ ni títí di àṣálẹ́. Kò sẹ́ni tó rí i. Bí ó bá gbọ̀n ọ́n dànù, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n Alàgbà kì í fi òfin ṣeré, kódà fún ara rẹ̀. Ó padà jókòó síta.

Ìyàwó rẹ̀ jáde wá wò ó. Ó sọ àlá náà fún un látòkèdélẹ̀. Ọdọọdún ni Ìyá Ayọ̀wúmí ń lọ sí Ọ̀fà, Alàgbà mọ̀, kò sì béèrè rí. Obìnrin náà fọwọ́ lásán ṣa ọmọnílé yẹn kúrò, ó jù ú sígbó, ó sì jókòó tì í. Òun náà di aláìmọ́ nìyẹn.

"Imú yín ni," ó ní. "Kò sí aṣọ tí wọ́n lè fi bo imú yẹn."

Alàgbà fọwọ́ kan imú ara rẹ̀. Wọ́n ń kọrin nínú ilé. Nígbà tó yá, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni, ká ní òun gbójú fo ọjọ́ mẹ́ta náà, òun ì bá ti gbé ọmọ náà pọ̀n.

"Bí mo bá lọ," ó ní, "ṣé Ayọ̀wúmí á jẹ́ kí n wọlé?"

"N kò mọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ẹ dúró síta, ẹ ó dúró."