Etí Òsì Mopélọ́lá

Orúnkún mi ti kanlẹ̀, Mopélọ́lá, símẹ́ǹtì gbọ̀ngàn yìí sì tutù bí ìdí àmù. Kò sẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀. Àwa adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ la pé jọ síbí láti kọ́ bí a ṣe ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ obìnrin nínú ẹjọ́ ìgbéyàwó. Olùkọ́ wa ní kí n ṣe bí olùpẹ̀jọ́, kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ta rojọ́. Ẹjọ́ tìrẹ ni mo mú, mi ò dárúkọ rẹ. Mo dé iwájú tábìlì, ara mi kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń jókòó sí òdìkejì tábìlì. Ọkọ á dé, á dúró. Ìyàwó á dé, á kúnlẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é, mo sì gbádùn rẹ̀, kí n má purọ́.

Mò ń rojọ́, ara mi ò balẹ̀. Bàtà Bàbá Olúgbodé, ọ̀kan nínú àwa adájọ́ tí wọ́n ní kó ṣe bí adájọ́ mi, ni mò ń wò. Mi ò rójú wọn. Ẹjọ́ ni mo wá rò, ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Mo sọ ti oúnjẹ tó pẹ́. Mo sọ ti ilẹ̀kùn tí ọkọ tì. Mo dé ibi tí o ti gbọ́wọ́ lé etí òsì, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi.

Mi ò mọ ohun tó kàn. Lọ́jọ́ tí o rojọ́ níwájú mi ní kóòtù, ibẹ̀ ni mo ti ní ó tó. Etí ọ̀tún nìkan lo ń dẹ sí mi, mo pè é ní ìgbéraga. Ṣé etí òsì yẹn ò gbọ́ràn mọ́ ni? Ṣé ọwọ́ ọkọ ló dí i? Mi ò bi ọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi náà nìyẹn, tèmi tewú orí mi.

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Olúgbodé ní kí n padà sílé, pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ìdájọ́ rẹ wà nínú báàgì mi, mo ti kọ ọ́, mo ti buwọ́ lù ú: kí o máa bá ọkọ rẹ gbé. Mo fà á yọ, mo fà á ya. Ọ̀la ni ìjókòó kóòtù. N ó ní kí o tún ẹjọ́ rẹ rò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀la ṣì jìnnà, Mopélọ́lá. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo pàṣẹ pé o ò gbọdọ̀ kúrò nílé ọkọ títí di ọjọ́ ìdájọ́. Ibẹ̀ lo wà báyìí. Èmi ni mo dá ọ padà síbẹ̀.